Àsíà Bàbá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Fọ̀

                                        Yàrá Kejì, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń mu ìka? Ọ̀gá rẹ tí kò fún ọ láyè wá sin Bàbá ńkọ́? Ṣé oúnjẹ ṣì ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá? Mo ti gbàdúrà pé kó há a díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

A sin Bàbá lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí o gbọ́ lẹ́nu mi kí àwọn ará ilé tó fi ata sí i. O kọ̀wé pé o ò fẹ́ nǹkan kan nínú ẹrù Bàbá àfi àsíà tí Bàbá fúnra wọn ń fà sókè níwájú ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbà. Obìnrin náà ní bí a bá ti fà á dé àárín òpó lọ́jọ́ ìsìnkú láti fi ṣọ̀fọ̀ Bàbá, kí n máa gbé e lọ fún ọ.

Ní Ọjọ́rú, mo ní n óò fọ̀ ọ́. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ní òun lè bá mi fọ̀ ọ́, mo ní rárá o, ṣé èmi ọmọ alásíà ni wọn yóò kọ́ ní àsíà? Mo tilẹ̀ jókòó kọ́ akọ̀wé náà lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́: àsíà kì í kan ilẹ̀, a kì í fi nu tábìlì, òjò kì í pa á, funfun ara rẹ̀ ni àlàáfíà, àwọ̀ ewé sì ni oko àti ilẹ̀ ọlọ́ràá wa. Ọmọbìnrin náà ń wò mí, ó ń mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní mo fi kún un pé a kì í rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ aṣọ dúdú ni, ẹ̀kọ́ náà ì bá pé.

Àsíà nìkan ni mo kọ́kọ́ rẹ sínú omi ọṣẹ, ọgbọ́n mi mọ ìyẹn. Àfi bí mo ṣe rí aṣọ ọ̀fọ̀ mi tuntun tó ń ha mí lọ́rùn. Mo ní kí ni mo fẹ́ da ọṣẹ dáadáa nù sí, mo bá tì í sínú bàsíà kan náà. Mo lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni oorun ti ń sá fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wá dé bí ọlọ́pàá, kò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo jí, omi ti dúdú bí tàdáwà. Àlàáfíà ti di eérú, àwọ̀ ewé ti di àwọ̀ ẹrẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, kò gbọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Orí àga méjì nínú yàrá ni mo sá a sí kí aládùúgbò má baà rí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ti dé òkè, ta ni yóò mọ̀? Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, “Bàbá yín kì bá tí fa èyí sókè fún ẹnikẹ́ni, àní fún ara wọn.”

Mo ká a, mo gbé e padà sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àsíà tuntun inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ ni mo fà sókè. Mo fà á dé àárín òpó, mo dúró, mo gbé àyà síwájú bí ọ̀gágun. Akọ̀wé tí mo kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi: “Àǹtí, ẹ fà á dé òkè pátápátá ná, kí ẹ tó dá a padà sí àárín. Bàbá ló kọ́ mi.”

Mo fà á dé òkè. Afẹ́fẹ́ gbà á, ó tẹ́ rẹrẹ. Nígbà tí mo fẹ́ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè ṣe é.

Ní ti àsíà àtijọ́ náà, èyí tó bá ti bàjẹ́ kì í di àkísà. Ńṣe ni a máa ń sun ún pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí n tó gbé e lọ sun lánàá, mo mú sísọ́ọ̀sì. Igun kan wà tí aró kò dé, ibi tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn rán nígbà tí afẹ́fẹ́ ya á. Mo fẹ́ gé e fún ọ. Sísọ́ọ̀sì ti la ẹnu kí n tó rò ó pé torí kó má baà ya mọ́ ni wọ́n ṣe rán an. Mo gbé sísọ́ọ̀sì jù sílẹ̀. Èmi, Ọ̀gá àti akọ̀wé dúró ṣánṣán lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ títí ó fi jó tán, a sì bo eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó máa mu omi gbígbóná. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi, mi ò ní àsíà tí n óò fi ránṣẹ́ sí ọ. Bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́, torí àwa méjì náà ló kù.

                                        Èmi ni tìrẹ nínú ẹ̀bi àti nínú ìfẹ́,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.