Agolo Tó Gun Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá ti ń yá. Wọ́n ti ń rí okun bú wa.

Lọ́jọ́ tí àìsàn gbé wọn dè, jíìpù Bàbá yarí, kò sitáàtì. Mo bá yá ti aládùúgbò wa, irú ọkọ̀ tí Bàbá kórìíra, tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀sín pé agolo ni. Ẹ̀gbọ́n, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹrẹ̀ mú, ó gun òkè ilé ìwòsàn wọ́ọ́rọ́wọ́! Irú ẹ̀ ni mo máa rà báyìí.

Bá a ṣe dókè, Ìyá fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn: "Má sọ fún bàbá yín o."

Ọdún kejì rèé tá a ti sin Bàbá. Síbẹ̀ mo ní, "Mi ò ní sọ, mà." Látìgbà náà, mi ò lè kọjá níwájú jíìpù wọn mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé.

Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín ni Bàbá máa ń gbà. Tẹ́ ẹ bá dé ibojì wọn, ẹ bá mi sọ fún wọn pé agolo ni mo fẹ́ rà.

Àbúrò yín