Àkọ̀ Ọ̀bẹ Tí Mo Rán fún Ọkọ Ìyàwó

Admin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo ṣe ọ̀bẹ kan fún ọmọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó ní Saturday yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Òní ti di Thursday. Ọ̀bẹ yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, ìyàwó mi gan-an ò mọ̀... Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Engineer ni mí. Calgary ní Canada níbí la ń gbé, ní àdúgbò Rundle, èmi, ìyàwó mi tó jẹ́ nurse, àtàwọn ọmọ wa méjì. Nígbà tí ọjà epo dojú dé, ibi iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn, lónìí àwọn ti floor yìí, lọ́la àwọn ti tọ̀hún, títí ó fi kàn mí. Wọ́n pè mí sí yàrá kan, obìnrin HR ń ka ìwé sí mi létí, ọ̀gá wa, òyìnbó tí mo ti bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wo fóònù ẹ̀. Kò gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Security ló tẹ̀ lé mi dé ìsàlẹ̀ bí olè, pẹ̀lú páálí tí mo kó ife tíì mi àti fọ́tò àwọn ọmọ sí. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí lára èèyàn?

Mo wáṣẹ́ títí, kò sí. Ìyàwó mi ń ṣe double shift, èmi ń fi mótò gbé ọmọ lọ sí daycare, mo ń padà wá jókòó sí basement. Pastor wa ló wá mú mi mọ bàbá kan ní Cochrane, ọmọ Scotland, àgbàlagbà tó ń wá ẹni tó máa bá a kó snow. Bàbá yìí máa ń fọwọ́ ṣe ọ̀bẹ kékeré kan tí àwọn ọkùnrin wọn máa ń kì bọ sọ́kì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn wọn, tí wọ́n bá wọ kilt, aṣọ wọn tó dà bí yẹ̀rì, lọ síbi ìgbéyàwó. Sgian dubh ni wọ́n ń pè é. Ọ̀bẹ ẹ̀yẹ ni, kì í ṣe ọ̀bẹ ìjà. Bàbá kì í sáré lọ ra nǹkan lọ́jà o. Ìwo àgbọ̀nrín tó bọ́ fúnra ẹ̀ sínú igbó ló fi ń ṣe èèkù, fáìlì irin àtijọ́ tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ló ń rọ di ọ̀bẹ, igi tí snow bá dá lulẹ̀ ló ń gbẹ́ ṣe inú àkọ̀ kó tó fi awọ bò ó. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú, ló bá kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi sánpépà ha ìwo yẹn títí tó fi ń dán bí eyín, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti lé mi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bàbá ní kí n máa dá iṣẹ́ gbà nínú garage mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tí bàbá darí sí mi ni ọ̀gá mi ibi iṣẹ́ àtijọ́ yẹn.

Mo ṣílẹ̀kùn garage, òun ni mo rí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Nice to meet you." Nice to meet you, ẹ̀yin èèyàn mi... Ó ní ìran Scotland làwọn náà, ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó, òun fẹ́ kó ní ọ̀bẹ tiẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo ní engineer ni mí, ó ní tough times, ó sì yíjú sí ògiri. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mi ò tíì ṣe ọ̀bẹ tó dáa tó ìyẹn rí. Àkọ̀ ẹ̀ ni mo bà jẹ́. Nísàlẹ̀ níbi tí ṣóńṣó ọ̀bẹ ti máa ń sinmi, mo fá igi inú ẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, mo wá fi awọ tó rẹwà bò ó, mo rán an dáadáa, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bàbá Cochrane ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀yìn ojúgun ẹni tó wọ̀ ọ́ ni ọ̀bẹ yìí ń sinmi lé, pé tí àkọ̀ ò bá lágbára, kí n má ṣe jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀. Mo tún mọ̀ pé wọ́n máa jó lọ́jọ́ yẹn, ijó wọn sì rèé, ijó fífò ni. Síbẹ̀ mo pọ́n ọ̀bẹ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ò tiẹ̀ bí mi lásìkò yẹn, ara mi tutù, mò ń bá rédíò kọrin. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday school...

Monday, ọkọ ìyàwó fúnra ẹ̀ ló wá gbà á. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń yí i wò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé wọ́n ti lé bàbá òun náà lẹ́nu iṣẹ́, pé kì í jáde mọ́. Ó wá ní, "Dad knew who you were. He asked for you. He just couldn't say it." Ó ní bàbá Cochrane ló dárúkọ mi níbi tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, bàbá òun sì ní èmi gan-an lòun fẹ́ kó ṣe é. Lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó jókòó sínú mótò níwájú ilé wọn, kò wọlé, àfìgbà tí ìyá wọn jáde lọ mú un.

Ọmọ náà ká ṣòkòtò sókè, ó ki ọ̀bẹ bọ sọ́kì, ó fò lẹ́ẹ̀mejì lórí kọnkéré. Mo dúró, mò ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó lọ.

Kí ló dí mi lẹ́nu? Mo ti bi ara mi títí. Ìtìjú ni àbí ìbẹ̀rù, àbí ó kù díẹ̀ nínú mi tó ṣì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Lọ́jọ́ kejì mo pè é, mo parọ́ pé mo fẹ́ tún awọ ẹ̀ dán sí i. Ó ní rárá, ó ti dáa bẹ́ẹ̀, pé ọ̀dọ̀ bàbá òun ló wà ní Airdrie, bàbá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, bàbá náà fúnra ẹ̀ ló máa kì í bọ òun ní sọ́kì láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ gbọ́ o. Bàbá ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo pe bàbá ọmọ náà, ọ̀gá mi àtijọ́. Ó gbé e, ó pe orúkọ mi, orúkọ Yorùbá mi, ó pè é dáadáa, èyí tí kò pè rí fọ́dún mẹ́rin. Mo gé fóònù.

Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá? PR wa, ìwé ìgbélùú wa, ò tíì jáde. Kí ni ìyàwó mi máa ṣe, orúkọ bàbá Cochrane ńkọ́? Tí mo bá sì dákẹ́, bóyá àkọ̀ yẹn máa gbé e dé alẹ́ Saturday... bóyá. Ṣé orí bóyá ni màá fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lé? Ṣé kí n wa mótò lọ sí Airdrie nísinsìnyí, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi?

Ọ̀gá yẹn ti pè mí padà lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà tí mo ti ń kọ èyí. Fóònù tún ń gbọ̀n lórí tábìlì báyìí. Ẹ̀yin àgbà inú page yìí, ẹ dá mi lóhùn kíákíá, tí mo bá gbé e, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?