Ẹni Tó Wà Níwájú Lórí Odi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ọ̀gágun wá sílé lónìí. Clive Pickersgill lorúkọ rẹ̀ gan-an, alága ẹgbẹ́ Arìnlódi, àwa tá à ń mú àlejò rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí odi àtijọ́ tó yí ìlú York ká. Ó gbé agolo bisikíìtì dání. Bí Clive bá gbé bisikíìtì wá, ẹnì kan ti kú ni, tàbí wọ́n fẹ́ lé ẹnì kan.

Èmi ni wọ́n fẹ́ lé. Ó wo ìbàdí mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Enid, tábìlì ìsàlẹ̀ odi yẹn nílò ẹni tó mọ nǹkan o. Ẹ kàn máa jókòó, ẹ máa pín ìwé. Tíì ń bẹ níbẹ̀." Mo ní mo ní tíì nílé. Ó ní ìbàdí onírin tí wọ́n fi sí mi lára lóṣù Kejìlá ń ba ìgbìmọ̀ lẹ́rù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gun odi yẹn! Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, n kì í ṣe àwo tó ti sán.

Ibi tá a parí ẹ̀ sí: lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n rin odi náà yí ká. Bí mo bá rìn ín tán, báàjì arìnlódi tó wà láyà mi ṣì jẹ́ tèmi. Bí n ò bá rìn ín tán, kí n dá a padà, kí n lọ jókòó.

Mo jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ kẹfà

Àtẹ̀gùn ilé, ogún ìgbà. Irin — orúkọ tí mo sọ ìbàdí náà nìyẹn — ń dùn mí wọra. Mo bú u. Kò gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ kí Wilf nílé àwọn arúgbó. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni báyìí. Òun ló fi mí mọ iṣẹ́ odi. Mo ro ẹjọ́ Clive fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ọmọbìnrin yìí, òfin wo ni mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ?"

Mo kà á bí ọmọ iléèwé: lórí odi, arìnlódi kì í kọjá arìnlódi tó wà níwájú ẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ há, apá inú ò ní ohun tó dí etí ẹ̀, ilẹ̀ sì jìn. Wilf ní ṣebí Clive ló máa ń ka òfin yẹn sókè ní gbogbo ìpàdé. "Jẹ́ kó máa kà á." Ó wá bu ṣúgà mẹ́ta sí tíì, nígbà tí nọ́ọ̀sì yíjú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Gillian ọmọ mi wá láti Leeds. Ó mú òdòdó dáfódì wá, ó sì mú bọ́tìnnì kan tí èèyàn ń fi kọ́rùn, tí wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú kí ìrànlọ́wọ́ lè wá. "Mọ́mì, ta lẹ ń fi agbára yín hàn gan-an?" Mo ní Clive. Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, n ò sọ fún un. Dáfódì wà nínú omi, bọ́tìnnì wà láàárín àwọn ṣíbí.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò. Odò Ouse ti bo àwọn àga etí omi. Irin mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo rìn ín. Mo rìn ín o!

Ẹnubodè Monk la ti bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án. Clive fi aago kọ́rùn bí ẹni ń sáré ìje. Walmgate, ó dára. Baile Hill, mo rí èèmọ̀, omi bọ́ lójú mi, mo ní atẹ́gùn ni. Micklegate, mo jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì láìdúró. Dáfódì ti yọ lára òkè odi. Ẹ̀yìn Minster, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, n ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Wákàtí mẹ́rin dín díẹ̀.

Ó wá ku àtẹ̀gùn Monk yẹn, ká sọ̀ kalẹ̀. Tóóró, gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀. Irin kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà: mo jókòó, mo fi ìdí sọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wù òjò mi ń gbá ilẹ̀. Clive ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìrìn, Enid." Mo ní ta ló bi í?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Lẹ́tà látọ̀dọ̀ Clive. "Ẹni tó fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ kò rìn." Kí n dá báàjì padà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa mú àwọn àlejò mi lọ lọ́jọ́ Bọ̀.

Mo sunkún díẹ̀ nídìí kẹ́tùlù. Mo wá fi báàjì sínú agolo bisikíìtì rẹ̀, pẹ̀lú èérún tó kù, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Iwájú ẹnubodè Bootham, aago mẹ́wàá. N ò ní báàjì, mo ní agbòjò yẹ́lò. Àlejò kì í wo àyà èèyàn, ẹnu ni wọ́n ń wò. Mo la ẹnu. Àwọn mọ́kànlá tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí Clive fi máa kó àwọn tiẹ̀ jọ, mo ti wà lórí odi.

Ó bá mi lẹ́yìn Minster. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń wúkọ́ kí n lè yà. Mo dúró, mo sọ ìtàn gbogbo igi tó wà nínú ọgbà ìsàlẹ̀. Kò kọjá. Kò lè kọjá, òfin tóun fúnra ẹ̀ ń kà nípàdé ni. Àlejò rẹ̀ kan tiẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ ti igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì sọ ọ́.

Àtẹ̀gùn Monk. Mo jókòó. Àtẹ̀gùn kan, òmíràn. Gbogbo wọn dúró lókè, Clive náà dúró. "Ẹ rọra o, Enid." Mo ní mo ti ń rọra bọ̀ láti Bootham.

Nísàlẹ̀ ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sípàdé. Mo ní kó gbé e lọ. Àmọ́ bó bá máa gba orí odi, ẹ̀yìn mi ló máa wà.