Òwú Òkè Àjà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ilé iṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá ti tutù báyìí. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń ti ibẹ̀ dé, tí ẹ̀wù á lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, tí ẹ ó na abẹ̀bẹ̀ sí mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, síbẹ̀ oru páànù ń rọ̀ lé wa lórí. Èmi ni mo kọ̀wé léraléra pé kí wọ́n tẹ́ ohun tí ń dènà oru sókè àjà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé e wá ní kíká bí ẹní. Ó rọ̀, ó sì pọ́n bí ìyeyè.

Wọ́n da èyí tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ọgbà. Kàmórù, àbúrò mi, wá kí mi, kò bá mi, ó sì rí i níbẹ̀. Òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù ìrọ̀rí yín ní Malu Road. Ó rò pé òwú ni, ó dì í lọ, ó sì fi kún inú àwọn ìrọ̀rí tó ń tà. Dígí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n ran ni, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin ìbá ti fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n?

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń gbé ìrọ̀rí padà. Ara ń yún wọn, ojú ń ta wọ́n. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ sọ ọ́ ní Kàmórù Wèrèpè. Ó kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ń wúkọ́ báyìí.

A ti gba gbogbo ìrọ̀rí ńlá tó tà padà. Èènì kan ló kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé ìyá ìkókó kì í ra ìrọ̀rí lọ́dọ̀ yín kó má gba kékeré kan fún ọmọ rẹ̀. Ìyá tó gba èyí tó kù yìí ń ta bọ̀ọ̀lì tẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì ní Kirikiri. Ó ti kó lọ sí Ìjọ́rà Badíà. A wá a lẹ́bàá ojú irin títí ẹsẹ̀ fi wú. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, a ò sì mọ ti ọmọ náà.

Ẹ mọ bí Kàmórù ṣe ń ránṣọ dáadáa. Ìrọ̀rí náà kò ní tú, ìyá ọmọ kò sì ní í fura sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń ké lóru, orí ohun tó rọ̀ yẹn ni yóò tún tẹ́ ẹ sí.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.