Mo Rí Ọkọ Mi Nínú Tẹlifíṣọ̀n Japan, Èmi Náà Ni Mo Pa Á Rẹ́

Ọkọ mi kò purọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ máa ṣàlàyé, ẹ̀rù á bà mí, màá tún pa fóònù yìí dé bí mo ṣe pa á dé láná àti níjẹta. Ọkọ mi kò purọ́, èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka pèèjì yìí, ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà o. Admin, ẹ dákun, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ìyá àgbà ni mí, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ìka kan ni mo fi ń tẹ èyí, tí ẹ bá rí àṣìṣe ẹ má bínú. Àwọn tó wà láàyè, mo ti yí orúkọ wọn padà. Àwọn tó ti kú, orúkọ wọn gan-an ni mo pè, torí mi ò lè pe òkú ní orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀.

Sailor ni wọ́n ń pe ọkọ mi ní àdúgbò wa ní Egan, ní Èkó níbí. Ọmọ Èkìtì ni bíi tèmi. Inú ọkọ̀ òkun ló ti ṣiṣẹ́, nídìí ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, òun ló máa ń fi gíríìsì sí i. Ní eighties yẹn, nígbà tí Bùsọ́lá ọmọ wa ṣì ń rá, ọkọ̀ wọn bàjẹ́ sí èbúté kan ní Japan, oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dúró síbẹ̀ kí wọ́n tó rí i tún ṣe. Ohun tó sọ fún wa nígbà tó dé nìyí o. Ó ní tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Japan nígbà yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí olórin òyìnbó kan kì í dé síbẹ̀, àwọn tí òkìkí wọn kàn káyé, wọ́n á wọ bàálù wá láti Amẹ́ríkà àti London, wọ́n á kọ orin kan ṣoṣo, wọ́n á jókòó, ẹni tó ń ṣe ètò á máa bi wọ́n ní ìbéèrè, ògbufọ̀ á máa túmọ̀, wọ́n á tẹríba, ó parí. Ó ní obìnrin olórin kan wá, irun rẹ̀ dúró sókè bí ìtẹ́ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kó fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ṣàìsàn. Làwọn ará tẹlifíṣọ̀n bá wá sí ilé tí àwọn atukọ̀ ń sùn, wọ́n ń wá ọkùnrin dúdú tó mọ bí wọ́n ṣe ń di trọ́ńpẹ́ẹ̀tì mú. Ọkọ mi sì ti fọn ọ́n rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Èkìtì nígbà tó wà léwe. Ó nawọ́. Wọ́n wọ kóòtù funfun fún un, apá rẹ̀ fún un pinpin. Ó wá ní... ẹ gbọ́ o... ó ní wọn ò jẹ́ kó fọn ún. Wọ́n ní orin náà ti wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ ni, òyìnbó fúnra rẹ̀ á kàn máa yanu ni, kí òun náà fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó máa mi ìka.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alhaji Múfú tó jẹ́ láńlọ́ọ̀dù wa, Bàbá Rísì tó ń lẹ táyà ní ẹnu ọ̀nà, Tíṣà Ògúnlànà, àti Festus àbúrò ọkọ mi. Wọ́n ní òyìnbó tí gbogbo ayé mọ̀, kó wá fò kọjá òkun kó wá máa yanu lásán? Alhaji ní Sailor, irọ́ yín yìí ò tiẹ̀ níyọ̀, ṣebí kí ẹ kúkú sọ pé ẹ fọn ún jàre! Ọkọ mi á ní wọn ò jẹ́ kí n fọn ún, kí ló dé tí màá fi sọ pé mo fọn ún? Wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nba irọ́ tí ì bá pa kí wọ́n lè gbà á gbọ́, kò pa á.

Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò ètò náà bọ̀, àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ló fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi sínú fídíò Alhaji, àwòrán náà ń yí lọ sókè lọ sísàlẹ̀, kò ní àwọ̀, ilà lásán, ohùn rẹ̀ ń kùn bí agbọ́n. Ọkọ mi ní fídíò tiwọn àti tiwa ò bára mu. Wọ́n ní ó dáa, Sailor, a ti gbọ́. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wálé, ó fi ọ̀bẹ ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ lo fídíò nígbà yẹn á mọ̀, tí ẹ bá ti ṣẹ́ ike yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́kọ́ọ̀dù nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Ó ní títí ọjọ́ tí òun á rí ẹ̀rọ tó lè gbé e jáde.

Ọdún bíi mẹ́ta kọjá. Ọkọ mi ti tún wà lójú òkun, oṣù mẹ́fà gbáko, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo rí gbà. Sunday Àjàyí tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìkòtún, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ó ra ẹ̀rọ kan tó ń gbé fídíò gbogbo ìlú jáde. Ni mo bá gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú báàgì, mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kó má sọ fún ọkọ mi. Kí ni mò ń wá? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òpùrọ́ ni mo fẹ́ ni. Ohun tí mò ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rí i. Ẹ̀yin èèyàn, mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì! Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ kedere. Obìnrin òyìnbó náà níwájú pẹ̀lú irun rẹ̀, èéfín funfun ń rú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, iná ń yí àwọ̀, ọkọ mi sì rèé lẹ́yìn rẹ̀ nínú kóòtù tó fún un lápá, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́, ìka rẹ̀ ń lọ. Sunday ní, Màmá, Sailor rèé! Mo bú sẹ́kún, inú mi dùn. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí ni, mi ò ní máa kọ èyí lónìí. Ṣùgbọ́n orin parí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọmọbìnrin ará Japan kan bá bọ́ síta, ó rẹwà, ó lọ bá ọkọ mi ní tààrà, ó fi ìnujú nù ún níwájú orí, ó nù ún lẹ́rẹ̀kẹ́, ó nù ún lọ́rùn pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè fún un bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Japan ló rò fún mi, títí dórí adùn omi ọbẹ̀ wọn. Kò sọ ìyẹn. Kí ló dé tí kò sọ ìyẹn? Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bọ̀dé tó ya fídíò ìkórè náà ní ẹni tó bá fẹ́ tiẹ̀, kó mú kásẹ́ẹ̀tì wá, òun á bá a rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. Mo ká bébà, mo fi dí ihò ibi tí ọkọ mi ti ṣẹ́ ike, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, mo gbé e fún Bọ̀dé. Nígbà tó dá a padà, mo gbé e sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo ń ká bébà yẹn, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọkọ mi dé, inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ Sunday. Kò tiẹ̀ wo kásẹ́ẹ̀tì ná. Ó ní kí Sunday gbé ẹ̀rọ náà wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi, ó pe gbogbo wọn, Alhaji, Bàbá Rísì, Tíṣà, Festus, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé. Èmi ni mo dín pọ́fù-pọ́fù tí wọ́n jẹ. Mo ń dín in, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé kí NEPA mú iná lọ. Wọn ò mú un lọ. Ọkọ mi fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó yí padà sí wọn, ó ní ó yá, ẹ wá rẹ́rìn-ín báyìí. Ohun tó jáde ni ìyá ìjọ mẹ́fà tó ru iṣu, wọ́n ń jó bọ̀ ní àárín ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gan-an ni mo ṣíwájú wọn. Festus pariwo pé, Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣu Japan ló tóbi tó báyìí ni? Àbí ìyàwó yín náà bá yín lọ? Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni tọmọdé tàgbà ti ń pè é ní Ìkórè Japan. Délé ọmọ mi jà ní iléèwé nítorí ẹ̀, ó fọ́ eyín ọmọ ọlọ́mọ.

Sunday wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan títí ó fi kú. Ọkọ mi yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi àtàǹpàkò pa sẹ́lótéèpù yẹn, ó pa á lọ pa á bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Kò bi mí. Ẹ gbọ́ mi, kò bi mí léèrè, kì í ṣe ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ kankan, títí ó fi jáde láyé ní oṣù tó kọjá. Kò sì pe Japan lẹ́nu mọ́. Ṣé ó mọ̀ ni? Ó gbọ́dọ̀ mọ̀, àbí? Ta ló tún máa ṣe é?

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Lọ́dún tó kọjá, àwọn oníkámẹ́rà wá ya ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń fi tíṣù àti páúdà nu ojú àlùfáà, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn. Mo béèrè. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kí òógùn má bàa máa dán nínú kámẹ́rà. Ọkọ mi ṣì wà láàyè nígbà yẹn o! Mo délé, ó ń jẹ ẹ̀wà, mo jókòó tì í, mo la ẹnu... mo bi í bóyá ó fẹ́ ata sí i.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa sin ín. Bùsọ́lá ló kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sínú ìwé ètò ìsìnkú, ó sì kọ Japan sí i. Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ẹbí jókòó sí pálọ̀ mi. Festus tó ti di olórí ẹbí báyìí ní wọn ò ní ka irọ́ sétí Ọlọ́run nínú ilé rẹ̀, ó ní ṣebí Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú irọ́ náà kó tó kú. Délé ní kí wọ́n yọ ọ́, òun ò fẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí bàbá òun. Bùsọ́lá bá yíjú sí mi. Ó ní Mọ́mì, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gba Dádì gbọ́? Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní ẹ ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú yín. Festus fa báírò yọ, ó fa ilà sórí ọ̀rọ̀ Japan náà. Bùsọ́lá bú sẹ́kún, ó ní nínú ilé bàbá òun, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó gbà á gbọ́ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tí mo bá sọ ọ́, Festus á ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí lórí rú, kí lẹ̀rí? Mi ò ní ẹ̀rí kankan àfi ẹ̀ṣẹ̀ mi. Délé ò ní dárí jì mí, mo mọ ọmọ tí mo bí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n ń rán àwọn ìyàwó tuntun sí kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú ọkọ. Tí mo bá sì dákẹ́, òpùrọ́ ni wọ́n máa sin, èmi ni màá da erùpẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn mo tún ń bi ara mi pé, ṣé nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni, àbí nítorí kí èmi lè rí oorun sùn?

Ọjọ́bọ̀ yìí làwọn tó ń tẹ ìwé ní Ìkòtún máa gba èyí tó kẹ́yìn. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, mo tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ, ẹ sọ fún mi: ṣé kí n sọ ọ́ fún Bùsọ́lá nìkan, kó kọ ọ́ padà sínú ìwé, kí ó sì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe? Ṣé kí n pe gbogbo ẹbí jọ? Àbí kí n gbé e dé sàréè tèmi náà? Bùsọ́lá ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la wá yan fọ́tò bàbá rẹ̀. Èmi àti òun nìkan la máa wà nílé.