Òróró Tí Mo Ní Kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun Máa Mu

Ayétòrò, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ojú ń tì mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ṣubú lóko láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì wọn kò sì ṣeé gbé.

Dókítà bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

Mo mọ ìdáhùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n máa mu òróró ólífì láràárọ̀, pé ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n gbà mí gbọ́ torí pé tíṣà ni mí.

Bọ̀dá wò mí. Wọ́n rọra sọ pé, "Mo gbàgbé ni, dókítà."

Ìgbà tó yá ni mo béèrè nípa òróró náà, bí ẹni pé aládùúgbò kan ló sọ ọ́ fún mi. Dókítà ní ó dáa fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sàn ju òróró tí a ti fi dín nǹkan léraléra lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni, kò lè rọ́pò oògùn.

Bí mo ṣe fẹ́ máa bọ̀ wálé, ìyàwó Bọ̀dá di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí mi, ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wá."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."

Òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lónìí nìyẹn, kò sì mọ̀.