Omijé Tí Kò Wá

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ́tí sí àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Nígbà òjò tí ara èèyàn máa ń wúwo, èmi ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sunkún tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni ìyá wa kú. Ẹnì kan tó wá sọ ìṣòro rẹ̀ fún mi ń dúró dè mí níta nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, mo ní kí ẹni náà wọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé báyìí, n ò tíì sunkún. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi, kò sì korò.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹkún ẹlẹ́kún nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò fẹ́ràn màámi." Kì í gbé fóònù mi mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni irú èyí ti ṣe rí? Kí lẹ ṣe sí i?

Olóòtú, àbúrò mi máa ń gbọ́ yín tó bá ń lọ aṣọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá sunkún lọ́dọ̀ mi. Màá jókòó tì í.